Kọ́tísọ́ọ̀lù, Àárẹ̀ Tí Kì Í Lọ, àti Oògùn Wẹ́wẹ́ Inú Ọ̀rá

Ibà ni ó kọ́kọ́ dá mi dùbúlẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ibà náà lọ, ṣùgbọ́n àárẹ̀ tí ó bá a wá kò bá a lọ. Olùkọ́ ni mí ní Abẹ́òkúta, ẹni tí ó bá sì mọ ìlú wa mọ̀ pé àárín àpáta àti òkè ni ọ̀pọ̀ ilé wà. Òkè tí mo máa ń gùn láti Ìtòkú lọ sí ilé láìdúró wá di èyí tí mo ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gùn ún tán. Ohun tí ó ṣòro jù láti ṣàlàyé fún àwọn ará ilé ni pé àárẹ̀ yìí kì í dé lójú ẹsẹ̀: bí mo bá fọ aṣọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ara mi lè yá gágá títí di alẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, n kò ní lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Oorun kì í sì í tù mí lára. Màámi, tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ láti ìgbà èwe wọn, sọ fún mi pé, "Ìrònú ló pọ̀ lọ́kàn rẹ, ọmọ mi." Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan ni mo ti ṣe àṣìṣe. Ẹni tí ó ń tajà níbẹ̀ ní másùnmáwo ti jẹ kọ́tísọ́ọ̀lù, ìyẹn họ́mọ́ọ̀nù agbára inú ara mi, tán, ó sì ka àwọn oògùn funfun wẹ́wẹ́ sínú ọ̀rá fún mi. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, mo ti ń jẹun gan-an, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún, àwọn ènìyàn sì ń kí mi pé mo ti sanra. Oṣù mẹ́rin ni mo fi lò ó. Ìgbà tí owó oṣù pẹ́, n kò ra òmíràn, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kẹta, èébì àti òòyì bò mí, wọ́n sì gbé mi dé ilé ìwòsàn.

Dókítà ní kí ọmọ mi lọ mú ọ̀rá náà wá láti ilé. Dexamethasone ni, oògùn tí ó ń ṣiṣẹ́ bíi kọ́tísọ́ọ̀lù inú ara. Wọ́n fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀yà ara kékeré méjì tí ó wà lórí kíndìnrín ni ó ń ṣe kọ́tísọ́ọ̀lù, nípa àṣẹ tí ọpọlọ ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Àárọ̀ ni ó máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, yóò sì dín kù títí di ọ̀gànjọ́ òru. Kì í ṣe epo àtùpà tí másùnmáwo ń jó gbẹ. Ojoojúmọ́ ni ara ń ṣe é, nítorí òun ni ó ń bá wa mójú tó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ọpọlọ rí oògùn tí ó jọ ọ́ láti ìta, ó dáwọ́ àṣẹ dúró, àwọn ẹ̀yà méjèèjì náà sì sùn lọ. Bí a bá wá já oògùn náà lójijì, kò sí èyí tí yóò gbé ara ró. (Ìpara ìbóra kan wà tí irú èròjà yìí wà nínú rẹ̀, ó sì lè ṣe ẹni tí ó ń lò ó bẹ́ẹ̀.)

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi ní aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n fi oògùn mìíràn rọ́pò, wọ́n sì ń dín in kù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n tún yẹ̀ mí wò fún àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ṣúgà.

Níkẹyìn, kọ́tísọ́ọ̀lù mi padà sí ipò rẹ̀, síbẹ̀ àárẹ̀ ti àtijọ́ kò lọ. Mo sunkún ní ọjọ́ náà. Dókítà ní àwọn onímọ̀ ti rí i pé kọ́tísọ́ọ̀lù àárọ̀ máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ lára àwọn kan tí ó ní irú àrùn àárẹ̀ tí ó ń ṣe mí yìí (ME/CFS ni àwọn dókítà ń pè é), kì í ṣe lára gbogbo wọn, àti pé àìsàn náà fúnra rẹ̀, àìsùn dáadáa àti ìdùbúlẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ lè fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbìyànjú láti fi hydrocortisone, ìyẹn kọ́tísọ́ọ̀lù tí a ṣe ní oògùn, dí àlàfo náà fún àwọn aláìsàn, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1998: ìrọ̀rùn tí wọ́n rí kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀yà orí kíndìnrín àwọn 12 nínú àwọn tí ó lò ó ni kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ mọ́. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo rántí oṣù mẹ́rin mi.

Ohun tí ó ń ràn mí lọ́wọ́ báyìí ni pé mo ń dáwọ́ dúró kí ó tó rẹ̀ mí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ń pín aṣọ fífọ̀ sí láàrin ọ̀sẹ̀, mo ń jókòó bẹ iṣu, mo sì ń jókòó kọ́ àwọn ọmọ. Àwọn tí ó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti sọ ní ọdún 2021 pé kí a má ṣe máa fi eré ìdárayá tí a ń fi kún lọ́jọ́ dé ọjọ́ tọ́jú àwa tí ó ní àrùn yìí.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ti ń lo oògùn wẹ́wẹ́ náà, ẹ má ṣe já a lálẹ́ òní nítorí ohun tí mo kọ. Ẹ kó oògùn àti ìpara yín sínú àpò, kí ẹ sì lọ bá dókítà láàárọ̀ ọ̀la.