Nọ́ńbà Àárọ̀ Kì Í Ṣe Ti Ìrọ̀lẹ́: Altimeter Bàálù Kékeré Lórí Ọ̀sà

Altimeter, aago tó ń sọ bí bàálù ṣe ga tó, kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Agolo kékeré kan ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá ṣe ń fúyẹ́ sí i ni agolo náà ń wú, tí ọwọ́ aago sì ń gòkè. Àwa la máa sọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà fún un, bí ẹlẹ́ja ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ dá ọwọ́ òṣùwọ̀n padà sí òdo kó tó kó ẹja lé e. Nọ́ńbà ìwúwo afẹ́fẹ́ (hPa ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) tí a bá yí sínú fèrèsé kékeré ojú altimeter ló ń ṣe iṣẹ́ òdo yẹn.

Bí ẹ bá yí QNH, ìyẹn ìwúwo afẹ́fẹ́ ní ojú òkun, sí i, láti ojú òkun ni yóò ti kà. Bí ẹ bá yí QFE, ìyẹn ìwúwo afẹ́fẹ́ ní ilẹ̀ pápákọ̀, ilẹ̀ pápákọ̀ ni yóò ti kà, ọwọ́ aago á sì wà ní òdo nígbà tí bàálù bá wà nílẹ̀. Nọ́ńbà kan náà fún gbogbo ènìyàn, 1013, jẹ́ ti àwọn tó ń fò lókè réré. Bàálù kékeré tó wà ní 1,500 ẹsẹ̀ bàtà lórí ọ̀sà kò ní í lò ó.

Ẹni tó bá ń fò láàárín Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, QNH ni kó dì mú. Láti ojú òkun ni máàpù ti ń ka gíga gbogbo ohun tó lè kọlù wá, títí kan òpó wáyà iná ńlá tó ń jáde láti Egbin. Ilẹ̀ wa pẹ̀lú kò ga, nítorí náà QFE kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ní Jos tó ga ju 4,000 ẹsẹ̀ lọ, fèrèsé ọ̀pọ̀ altimeter ò tilẹ̀ lè dé QFE ibẹ̀.

Ohun tí mo rò pé a kì í tẹnu mọ́ tó nìyí. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ìwúwo afẹ́fẹ́ máa ń lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, bí ojú ọjọ́ ò tilẹ̀ yí padà. Ó ń ga ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ àti mẹ́wàá alẹ́, ó ń rẹlẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àti mẹ́rin ìdájí. Láti mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó lè fi 3 hPa tàbí 4 wálẹ̀. hPa kan ń sún ọwọ́ aago ní nǹkan bí ẹsẹ̀ 27. Ẹ gbà pé QNH àárọ̀ jẹ́ 1012, ti ìrọ̀lẹ́ jẹ́ 1009, ẹ ò sì yí i: aago á ka 500 nígbà tí bàálù wà ní 420. Lásìkò ọyẹ́, tí kùrukùru bá ti da ọ̀sà àti ojú ọ̀run pọ̀, tí omi sì dúró jẹ́ẹ́, ojú ò ní í rí ìyàtọ̀ ọgọ́rin ẹsẹ̀ yẹn. Bí nọ́ńbà inú fèrèsé bá ju ti òótọ́ lọ, ẹ wà nísàlẹ̀ ibi tí aago ń sọ.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ gba QNH lọ́wọ́ tówà, ìyẹn àwọn tó ń darí bàálù ní pápákọ̀, ẹ kà á padà fún wọn ní kíkún, ẹ yí i sí altimeter méjèèjì bó bá jẹ́ méjì ló wà, kí ẹ wá wo ọwọ́ aago. Pápákọ̀ Murtala Muhammed ga tó 135 ẹsẹ̀. Tí aago bá fi ju 75 ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí i, ẹ má fò. Níbi tí kò sí tówà, ẹ yí i títí ọwọ́ aago yóò fi ka gíga ilẹ̀ tí ẹ wà: nọ́ńbà tó bá yọ nínú fèrèsé ni QNH yín. Ẹ tún béèrè kí ẹ tó balẹ̀, pàápàá bí ẹ bá gbéra láàárọ̀.

Ọ̀pọ̀ bàálù tó wá láti Amẹ́ríkà ń fi ínṣì mákúrì ka ìwúwo afẹ́fẹ́ dípò hPa. 1012 hPa jẹ́ 29.88, 1009 sì jẹ́ 29.80. Ẹ lẹ àtẹ ìyípadà mọ́ ibi tí ojú ti lè rí i, ẹ má ṣe é lórí nígbà tí ẹ ń bọ̀ wálẹ̀.

Ooru wa kò léwu níhìn-ín: ní 30°C, ẹni tí aago rẹ̀ ń ka 1,000 máa ń wà ní nǹkan bí 1,050. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé ló yẹ ká bẹ̀rù. Bó bá dí ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù, tí afẹ́fẹ́ ìta ń gbà dé inú altimeter, ọwọ́ aago á dúró sójú kan bí ẹ tilẹ̀ ń gòkè. Ẹ fi ojú àti iná tọ́ọ̀ṣì yẹ ihò náà wò láràárọ̀. Bó bá sì dí lójú òfurufú, ẹ ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kejì tó wà nínú bàálù. Aago á sábà ka gíga ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, nítorí náà ẹ fi àyè sí i lókè.