Ta ló kú níbí?

Ìyá àgbà kan tí wọ́n ń ti oko bọ̀ ni wọ́n bèèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gálárì àwa ayàwòrán lọ́sàn-án òní. Ẹrù igi wà lórí wọn. Wọ́n wo àwọn ojú tó tò sára ògiri, wọ́n bèèrè, wọ́n kọjá lọ. Wọn ò dúró gba èsì.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Gbogbo àwọn tí a yà yẹn ló wà láàyè, àwọn mìíràn nínú wọn ṣì wà lóko lásìkò tí màmá ń sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni kí wọ́n rò? Lọ́dọ̀ wa, láti Ìdànrè títí dé Àkúrẹ́, ojú tó bá wà lára ògiri, ojú olóògbé ni: pósítà ìsìnkú lẹ́bàá ọ̀nà, fọ́tò bàbá lókè ilẹ̀kùn páálọ̀. Ó tiẹ̀ ti wà kí fọ́tò tó dé. Ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, àkó ni wọ́n máa ń gbẹ́ fún òkú ẹni ńlá, ère tó jọ olóògbé gan-an. Wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á gbé e káàkiri ìlú kí wọ́n tó sin ín. Ère ìbejì kì í wá ìjọra bẹ́ẹ̀. Màmá mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Okùn la tún fi so àwòrán lónìí. Ẹ mọ ilé kòkó tí gálárì wa wà, ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú. Bí a bá kan ìṣó mọ́ ọn, sìmẹ́ǹtì á ṣí kúrò lára amọ̀, iṣẹ́ á já lulẹ̀ lóru. Igi àjà lókè la kan pákó mọ́, okùn ìpẹja la sì fi so iṣẹ́ rọ̀, méjì méjì, torí okùn kan ṣoṣo a máa jẹ́ kó yí bírí bí atẹ́gùn bá fẹ́. Àárín iṣẹ́ á wà ní sẹ̀ǹtímítà 145 sí 150 láti ilẹ̀. Bí a bá so okùn sísàlẹ̀ jù lẹ́yìn férémù, orí rẹ̀ á dà síwájú, gẹ́lẹ́ bí fọ́tò páálọ̀. Òkè ló yẹ kó wà, ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga férémù láti òkè.

Igun méjèèjì nísàlẹ̀ lẹ́yìn, a lẹ ègé sílípáàsì àtijọ́ mọ́ ọn kó má baà kan ògiri. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èébu á bò ó lásìkò òjò, ikán á sì ráyè mọ ọ̀nà gba ibẹ̀. Bí èébu bá ti mú un, ẹ má fi aṣọ tútù nù ún, ńṣe ló máa wọnú aṣọ àwòrán lọ. Ẹ gbé e síta lábẹ́ òjìji kó gbẹ, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n.

Ta ló kú níbí...

Mo rò ó pé ká kọ orúkọ àti ọdún sábẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan. Háà, orúkọ àti ọdún! Ìyẹn gan-an ló máa sọ ọ́ di pósítà ìsìnkú pátápátá. Ènìyàn ló yẹ kó wà níbẹ̀, ẹni tó lè sọ pé "Ẹ wọlé, màmá, ọmọ Ìyá Alágbo lẹ̀ ń wò yẹn." Ní Òṣogbo, ní 1962, inú ilé ọtí Dúró Ládiípọ̀, òṣèré nì, ni Mbárí Mbáyọ̀, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń kọjá kàn ń yà wọlé ni. Tiwa, ẹni tó kàn láti ṣọ́ gálárì a máa ṣílẹ̀kùn, á wá wọ yàrá ẹ̀yìn lọ ya tirẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà ṣe kókó. Síbẹ̀...

Ọjà di ọ̀tunla. Ẹni tó bá kàn, jọ̀ọ́, gbé bẹ́ǹṣì síta kó o jókòó níbẹ̀. Ká kó àwọn ojú sí yàrá inú, kí àwòrán àwọn tó ń fọ́ kòkó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Okùn ìpẹja ti tán, kí ẹni tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ ra èyí tó nípọn, tín-ín-rín yẹn ń fà.