Aago mẹ́ta nínú òkùnkùn: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ṣíṣọ́ bọ́dà

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń pè mí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, tí wọ́n ti mú orúkọ yín fún iṣẹ́ military observer, ìyẹn sójà tí UN ń rán lọ ṣọ́ bóyá àwọn tó dáwọ́ ìjà dúró ń pa àdéhùn mọ́, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí, pé kí lẹ máa dì sí báàgì. Ẹ di sókísì tó pọ̀, ẹ di tọ́ọ̀ṣì, ó tán. Èyí tí mo fẹ́ bá yín sọ gan-an ni ti rípọ́ọ̀tù, torí ẹ ò ní gbé ìbọn, ẹ ò sì láṣẹ láti lé ẹnikẹ́ni kúrò níbikíbi, bíró àti ìwé yẹn nìkan lẹ ní, tẹ́ ẹ bá sì ṣì í lò, ẹ lè fi rú ìjà tí wọ́n ti dáwọ́ ẹ̀ dúró sókè padà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí ó kù díẹ̀ kí ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

UNMEE ni mo ṣe, iṣẹ́ tí UN rán wa láàárín Ẹtiópíà àti Ẹritríà, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2005 ni mo débẹ̀. Fún ẹni tí kò bá mọ ìtàn ẹ̀, oṣù karùn-ún 1998 ni ogun yẹn bẹ̀rẹ̀ ní Badme, ìlú kékeré kan tí àwọn méjèèjì ní tàwọn ni, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló kú sí i kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ìdáwọ́-ìjà-dúró ní Algiers lọ́jọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2000, nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún yẹn wọ́n fọwọ́ sí ti àlàáfíà gan-an. Wọ́n wá ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ nínú Ẹritríà tó fẹ̀ ní kìlómítà 25, pé kí ọmọ ogun Ẹritríà má wọ ibẹ̀, àfi ọlọ́pàá àti mìlíṣíà wọn (àwọn ará ìlú tó ń gbé ìbọn ṣọ́ àdúgbò) díẹ̀, kí ti Ẹtiópíà náà dúró sápá gúúsù ẹ̀, kí àwa wà láàárín. Ìgbìmọ̀ tó ń pààlà dájọ́ lóṣù kẹrin 2002 pé Ẹritríà ló ni Badme, Ẹtiópíà ò gbà, nígbà tí mo fi débẹ̀ kò tíì sẹ́ni tó ri òpó ààlà kankan mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Irú àlàáfíà tá à ń ṣọ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń jà, kò sì sẹ́ni tó ti gbà.

Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, apá Ẹtiópíà ni mo wà, ní agbègbè Adigrat. Òkè lórí òkè ni, òkúta, otútù àárọ̀ tó ń gé èèyàn létí. Èdè kan náà, Tigrinya, ni wọ́n ń sọ lápá ibí àti lápá ọ̀hún, ẹlòmíì tiẹ̀ wà tí àna ẹ̀ wà lódìkejì, tó jẹ́ pé láti ọdún 1998 kò tíì fojú kàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ tó bá gun òkè ó ń rí òrùlé ilé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn tẹ́ ẹ bá ń wo máàpù.

Ohun tí mo tètè kọ́ ni ti kọfí. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ojú yín ni wọ́n ti máa yan kóró ẹ̀, wọ́n á gún un, wọ́n á sè é, ife mẹ́ta ni ẹ máa mu, wọ́n ń pe ẹ̀kẹta ní bereka, ìbùkún nìyẹn. Ẹni tó bá dìde lẹ́yìn ife kìíní, ó ti sọ fún onílé pé òun ò rí tiwọn rò, kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Nídìí ife kẹta ni ìyá kan ti sọ fún wa pé àwọn ọmọdé rí irin kan lẹ́bàá odò, bá a ṣe rí máìnì yẹn, bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, nìyẹn, kì í ṣe awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn ló bá wa rí i.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti ọmọ Gánà kan tá a jọ ń lọ pàtíróòlù bá darandaran kan pàdé, bàbá àgbàlagbà, ó ní òun gbọ́ ìbọn lálẹ́ àná láti orí òkè tó wà lódìkejì, ẹ̀ẹ̀kan, ó sinmi díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Mo ní aago mélòó? Ọ̀gbufọ̀ wa bi í, ó ní aago mẹ́ta, nínú òkùnkùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé 0300, kó tó di ọ̀sán mo ti fi ránṣẹ́ lórí rédíò.

Mi ò mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ wa tó wà lápá ọ̀hún ti fi tiwọn ránṣẹ́ láti alẹ́ àná. Ọ̀gá mìlíṣíà Ẹritríà tó wà lórí òkè yẹn ló fẹnu ara ẹ̀ sọ fún wọn pé ọmọ kékeré kan tó ń ṣọ́nà yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ìkookò tó sún mọ́ yàrà wọn, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó sì mú wọn lọ wo òkú ẹranko náà. Ṣé ẹ rí i báyìí, lójú àwọn tó ń ka rípọ́ọ̀tù wa, ìbọn ti di ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí wọ́n jẹ́wọ́ ẹ̀ àti èyí tí wọ́n fi pa mọ́. Wọ́n bi ọ̀gá yẹn pé ta ló yìnbọn láago mẹ́ta òru, ó ní kò sẹ́ni tó yìnbọn, ọ̀gá sójà Ẹtiópíà tó wà lápá tiwa ní ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń purọ́, ó fi èèyàn kún àwọn tó ń ṣọ́nà, àwọn tọ̀hún rí i pé èrò ti pọ̀ sí i níbí, àwọn náà fi kún tiwọn. Kó tó di ọjọ́ kẹta, òkè méjì tó ti ṣófo láti bí oṣù mélòó kan ti ní àwọn tó gbé ìbọn lórí.

Ọmọ Gánà yẹn ló rí i. Ó ń ka ìwé kékeré mi lálẹ́, ó ní bọ̀ọ̀dá, ohun tẹ́ ẹ kọ síbí ni pé bàbá yẹn ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ìbọn, pé àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ ń ṣeré, ta ló ń jẹun alẹ́ láago mẹ́ta òru? Ara mi tutù. Ní Ẹtiópíà, ìgbà tílẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń ka aago, aago méje àárọ̀ tiwa ni aago kan tiwọn, tó bá sì di aago méje alẹ́ wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí aago kan. Aago mẹ́ta nínú òkùnkùn, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni. Ọ̀gbufọ̀ ò ṣe àṣìṣe kankan, ohun tí bàbá sọ ló sọ. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn lọ́wọ́ ara mi tí mi ò sì kà á.

A padà lọ lọ́jọ́ kejì, mi ò bi bàbá ní aago mọ́, mo ní kó na ọwọ́ síbi tí òṣùpá wà nígbà tó gbọ́ ìbọn, ó nà án sí orí òkè níbẹ̀, òṣùpá ò tíì gòkè púpọ̀ nígbà náà. Mo tún rípọ́ọ̀tù kọ, mo sì kọ ọ́ gbangba pé èmi ni mo ṣì í. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni àwọn èèyàn yẹn tó kúrò lórí òkè, mi ò sì sun oorun kan tó já geere láàárín ọjọ́ yẹn, torí ó tó kí ọmọ kan tí ẹ̀rù ń bà fi ọwọ́ kan ìbọn lásán.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nínú ìwé mi: mo rí, mo gbọ́, wọ́n sọ fún mi. Ẹ má da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láé. Tó bá jẹ́ pé wọ́n sọ fún yín ni, ta ló sọ ọ́, ibo ló dúró sí, aago ta ló ń kà (kàlẹ́ńdà ńkọ́, oṣù 13 ni tiwọn ní, ọdún 2005 tiwa, 1997 ni lọ́dọ̀ tiwọn). Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni, gbogbo wa la mọ òwe yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n tí ọ̀gá sójà kan bá ti ń pè yín ní ọ̀rẹ́, tó ń fún yín ní kọfí lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ ò sì rí ti apá kejì fún oṣù mẹ́fà, ó rọrùn kẹ́ ẹ má mọ ìgbà tọ́rọ̀ ẹ̀ di ọ̀rọ̀ yín. Ẹ má sì kọ ohun tẹ́ ẹ rò pé wọ́n ń ṣe. "Wọ́n ń múra ogun," ìyẹn kì í ṣe rípọ́ọ̀tù. Sójà mẹ́fà, ṣọ́bìrì mẹ́rin, wọ́n ń gbẹ́lẹ̀, ó gùn tó báyìí, ó jìn dé orúnkún. Ó lè jẹ́ yàrà, ó lè jẹ́ ṣáláńgá, tẹ́ ẹ bá padà lọ lọ́la ẹ máa mọ̀.

Ti máìnì, mi ò ní sọ ọ́ gùn torí wọ́n máa kọ́ yín dáadáa. Ojú ẹsẹ̀ táyà tó wà nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, ẹ má yà sínú koríko torí pé ẹ fẹ́ tọ̀, tí òjò bá sì ti rọ̀ ẹ má gbọ́kàn lé ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà lánàá, omi máa ń wọ́ máìnì wá síbẹ̀.

Lóṣù kẹwàá 2005 Ẹritríà ní kí hẹlikọ́pítà UN má fò lókè ilẹ̀ àwọn mọ́. Mo ti wà lápá ọ̀dọ̀ wọn nígbà yẹn, ní Senafe. Ohun tí hẹlikọ́pítà ń fi ogún ìṣẹ́jú wò di ohun tí jíìpù ń fi odindi ọjọ́ wá, tẹ́nì kan bá sì fara pa, ojú ọ̀nà òkè yẹn lẹ máa gbé e gbà. Sójà ń pọ̀ sí i nítòsí bọ́dà lápá méjèèjì. Lóṣù kọkànlá, Ìgbìmọ̀ Ààbò UN fi ìpinnu 1640 sọ pé kí wọ́n dá hẹlikọ́pítà padà, pé kí àwọn méjèèjì sì dín sójà kù sí iye tó wà lọ́jọ́ 16 oṣù kejìlá 2004. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa o. Iye tó wà lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá. Ìwé ẹni tó wà níbẹ̀ kí n tó dé, tó ń ka sójà nínú otútù láìmọ̀ pé ẹnikẹ́ni máa bèèrè, òun ni wọ́n máa ṣí wò.

Nígbà tó di December, Ẹritríà tún ní kí àwọn ará Amẹ́ríkà, Kánádà àti Yúróòpù, tó fi mọ́ Rọ́ṣíà, kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ará Yúróòpù ni ẹni tá a jọ ń gbé yàrá. Alẹ́ tó ń palẹ̀ mọ́, a ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kó ìwé kékeré mẹ́rin lé mi lọ́wọ́, ó ní àwọn ibùdó tòun nìyẹn. Mo kà wọ́n títí iná fi lọ. Ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó kọ aago, ó kọ ibi tó dúró sí, ó wá kọ pé: mo rí sójà 13 lórí òkè, iye kan náà pẹ̀lú àná, méjì ń fọ aṣọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wa jíìpù lọ síbi tó kọ yẹn, mo dúró síbi tó dúró sí, mo sì kà wọ́n. Mẹ́tàlá ni wọ́n.