Yanrìn Dúdú Inú Àgbàrá

Ọjọ́rú. Òjò rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ ṣì tutù nígbà tí a kọ orin òwúrọ̀ tán.

Òòfà, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì, ló kàn nínú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin. Bí ìwé tí a fi ń kọ́ wọn ṣe là á sílẹ̀, kí n sọ ohun tó ń jẹ́ òòfà, kí n to orúkọ ohun tó ń fà àti ohun tí kì í fà sójú bọ́ọ̀dù, kí wọ́n dà á kọ. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́ kejì, ó ti tán lórí ẹlòmíràn.

Mo ti gba mágínẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lọ́wọ́ bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí ọjà Kàbà. Inú sípíkà tó ti kú ló ti tú wọn, owó tó gbà lọ́wọ́ mi kò sì tó nǹkan. Tí tísà kan bá fẹ́ ṣe bíi tèmi, kó wá èyí tó rí róbótó tó sì nípọn, kó má gba èyí tó ti sán. Nǹkan yìí máa ń fọ́ bí àwo, etí rẹ̀ sì lè ya ọmọ lọ́wọ́.

Mi ò kọ nǹkan kan sójú bọ́ọ̀dù. Mo kó ẹrù sórí tábìlì: agolo mílíìkì, agolo mọ́líìtì, ìṣó, kọ́kọ́rọ́, ìdérí ìgò, òkúta, igi ìdáná, àti ìkòkò kan láti ilé mi tí etí rẹ̀ ti já. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan mágínẹ́ẹ̀tì, mo ní kí kálukú kọ èyí tó rò pé yóò lẹ̀ mọ́ ọn sínú ìwé, kó sì fi bírò kọ ọ́. Ọmọ tó bá fi pẹ́ńsù kọ ọ́ yóò pa á rẹ́ ní kété tí ọ̀rọ̀ bá yí padà, yóò wá ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi náà mọ àwọn àgbàlagbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Gbogbo kíláàsì ló fọwọ́ sọ̀yà pé ìkòkò á lẹ̀. Irin ni, ó tóbi, ó ń dún gbà-ǹ-gà. Kò lẹ̀. Ariwo ta. Wọ́n dojú ìkòkò délẹ̀, wọ́n gbìyànjú ìdí rẹ̀, wọ́n gbìyànjú inú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní èéfín ìdí rẹ̀ ni kò jẹ́ kó lẹ̀. Ó gbé e lọ sídìí kànga, ó fi yanrìn ha á títí ó fi funfun. Kò lẹ̀ síbẹ̀. Èrò rẹ̀ kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n òun nìkan ló ronú ohun tí èèyàn lè ṣe láti fi mọ̀ bóyá ó tọ̀nà. Mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, àwọn kan wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú: ṣé ẹni tó gbà á kùnà la ń pàtẹ́wọ́ fún ni?

Agolo ló tún dá wọn láàmú. Ti mílíìkì lẹ̀, ti mọ́líìtì kò lẹ̀, méjèèjì sì jọ ara wọn lójú wọn. Mo ti la ẹnu láti ṣàlàyé nígbà tí ọmọbìnrin kan lẹ́yìn pátápátá na ọwọ́ sókè. "Àǹtí, àwọn tó máa ń wá ra kóńdẹ́mù, irin àti agolo àlòkù, nílé wa, wọ́n ní mágínẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Èyí tí kò bá lẹ̀, wọ́n ní alumí ni, òun ló wọ́n jù." Ó gba agolo mọ́líìtì, ó fọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó ní kí àwọn tó jókòó tì í tẹ ti mílíìkì wò. Wọn ò lè tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá tọ́ka sí ìkòkò mi: "Alumí nìyẹn náà, Àǹtí." Mo padé ẹnu mi. Bí mo bá ti sọ ọ́ ni, ọ̀rọ̀ tísà ni ì bá jẹ́, wọn ì bá sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìwo agolo kankan.

Àkókò ìsinmi ni ọ̀rọ̀ wá gba ibi tí mi ò fojú sí. Ọmọ kan tí mi ò mọ̀ pé ó mú mágínẹ́ẹ̀tì jáde ń wọ́ ọ kiri nínú àgbàrá ẹ̀yìn kíláàsì. Ó sáré wá bá mi, mágínẹ́ẹ̀tì ti hu irun dúdú yí ká. Kí n tó mọ̀, gbogbo wọn ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yanrìn tútù. Bí ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa ṣe mọ̀, lẹ́yìn òjò, yanrìn dúdú máa ń fa ìlà lórí yanrìn funfun ní gbogbo ibi tí àgbàrá bá gbà. A ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ látìgbà ìwáṣẹ̀.

Ta ló da irin sí àgbàrá? Àwọn kan ní wẹ́dà tó wà lókè títì ni, pé eruku iṣẹ́ rẹ̀ ni òjò ń gbé wá. Àwọn kan ní ara mọ́tò ló ti ń bọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní inú àpáta ni. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín.

Mo béèrè pé, "Báwo la ṣe máa mọ̀ ẹni tó jàre?" Kẹ́kẹ́ pa. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ tísà máa ń ṣòro jù fún mi, nítorí ìdáhùn wà lẹ́nu mi, ọ̀fun ń yún mi. Nígbà tó yá, ẹnì kan ní bó bá jẹ́ ti wẹ́dà, kò yẹ kó sí níbi tí omi ọ̀dọ̀ wẹ́dà kì í dé. Wọ́n bá pín ara wọn, wọ́n lọ bu yanrìn lẹ́bàá títì, ní ìdí àpáta tó wà lókè ilé-ìwé, àti lójú ọ̀nà oko. Ọmọbìnrin alumí ló kọ́ wọn pé kí wọ́n fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wé mágínẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó kì í bọ yanrìn. Tí o bá ti fa ọ̀rá náà kúrò, gbogbo dúdú rẹ̀ á já bọ́ sínú abọ́. Ìdí àpáta, níbi tí mọ́tò tàbí omi wẹ́dà kì í dé, dúdú wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

Ọmọ tí wọ́n fi ṣẹ̀sín wá gbé òkúta àpáta kan dé, ó fi òòlù fọ́ ọ wẹ́wẹ́ (mo ní kí àwọn yòókù kọ ẹ̀yìn sí i nítorí ojú wọn). Mágínẹ́ẹ̀tì gbé ẹyọ dúdú díẹ̀ jáde nínú ìyẹ̀fun náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ni ọmọkùnrin tó fọ ìkòkò bá tún dìde: "Àǹtí, ìjà ò tíì parí. Ó lè jẹ́ ara òòlù ló ti bọ́, irin ni òòlù." Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn tó ń ṣèwádìí láwọn ilé ìmọ̀ ńlá ń jiyàn lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ kíláàsì kẹrin sì gbé e kalẹ̀ láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Wọ́n tún òmíràn fọ́, òkúta lórí òkúta lọ́tẹ̀ yìí. Ó pẹ́, ọwọ́ ro wọ́n, ṣùgbọ́n dúdú tún jáde.

Ìgbà yẹn ni mo tó sọ ti tèmi. Pé irú ohun dúdú yìí wà lára òkúta irin tó wà ní òkè Itakpe, níbi tí ọkọ̀ ojú irin láti Warri ń dúró sí, tí wọ́n sì ní kó máa pèsè òkúta irin fún ilé iṣẹ́ irin Ajaokuta tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979. Pé irin wà ní Agbaja náà, ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀. Pé ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti yanrìn funfun, òun ni omi ṣe ń gbé funfun lọ tí dúdú ń rọ̀ sílẹ̀ níbi tí àgbàrá bá ti rọra. Ọmọ kan tí àbúrò bàbá rẹ̀ ń fọ góòlù lọ́nà Ìsánlú ní òótọ́ ni: ìdí igbá, àárín irú yanrìn dúdú bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ti ń rí góòlù. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn padà sí àgbàrá. Wọn ò rí góòlù o.

Ọ̀gá wa kọjá, ó ní, "Okun o, Àǹtí. Nóòtù dà?" Mi ò bá a bínú. Àwọn tó ń wá bẹ̀ wá wò, ìwé ọmọ ni wọ́n máa ń ṣí, wọn kì í lọ wo àgbàrá. Mo ní kí wọ́n kọ nóòtù náà fúnra wọn: ohun tí mo rò, ohun tí mo ṣe, ohun tí mo rí. Sípẹ́lì wọn burú, àwọn kan fi Yorùbá há a láàárín. Mo fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ fún wa níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pé àìsí irinṣẹ́ ló ń dá sáyẹ́ǹsì dúró ní ilé-ìwé abúlé. Irinṣẹ́ ṣe pàtàkì, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lé ní ogójì lo mágínẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ohun tó dùn mí jù ni agogo tó lù nígbà tí ìjà ń dùn lọ́wọ́.

Ọmọ kan ń bá ìyá rẹ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja lópin ọ̀sẹ̀. Mo ti fún un ní ọ̀rá kó bu yanrìn wá fún wa létí odò Ọya. Àwọn kan ní dúdú ibẹ̀ á pọ̀ ju tiwa lọ nítorí odò ńlá ni. Àwọn kan ní omi ti gbá a lọ. Ẹnì kan béèrè bóyá ẹja lè gbé irin mì. Ìyẹn náà ti wọ inú ìwé.