Èwo Ni Kí N Rà? Bí Mo Ṣe Ń Ya Gíráàfù Ìdánwò Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dán àwọn ohun èlò kọ̀ǹpútà wò, mo ya gíráàfù kan láti fi ìyára hard disk, ohun ìpamọ́ fáìlì tí awo inú rẹ̀ ń yí, wé ti SSD tí kò ní ohun kankan tó ń yí nínú, inú mi sì dùn sí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn ọ̀pá inú rẹ̀ dúró gbọnin bí ilé alájà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òjìji tirẹ̀, àwọ̀ tí mo lò tó mẹ́fà, mo sì tún gbé fọ́tò motherboard sí ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ kí ó lè dùn ún wò. Mo fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ń wá láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ rà ní Computer Village ní Ìkẹjà, mo wá jókòó, mo ń retí ìyìn. Ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn kò ju gbólóhùn kan lọ: "Àbúrò mi, ó dùn ún wò o, ṣùgbọ́n èwo gan-an ni kí n rà nínú wọn?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí dòní. Kí n tó ṣí LibreOffice Calc tí mo fi ń ṣe ìṣirò, tàbí kí n tó kọ ìlà kóòdù kan ṣoṣo fún Matplotlib tó ń ya gíráàfù, mo máa ń kọ ìbéèrè tí gíráàfù náà fẹ́ dáhùn sórí ìwé, nítorí pé àwọn ohun èlò kan náà lè sọ ìtàn méjì tó tako ara wọn. Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ SSD yẹn. Bí a bá ń ka fáìlì ńlá kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, hard disk láàpútọ́ọ̀pù tó ń yí ní ìgbà 5400 ní ìṣẹ́jú kan máa ń ka nǹkan bí mẹ́gábáìtì (MB) 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD tó ń gba ojú SATA, ọ̀nà tí hard disk náà ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, kọjá máa ń súnmọ́ 550, torí pé SATA fúnra rẹ̀ kò lè gbé ju nǹkan bí 600 lọ, NVMe, irú SSD tó ń gba ọ̀nà PCIe 3.0 tó fẹ̀ ju SATA lọ, sì lè dé nǹkan bí 3500. Ẹni tó bá wo ọ̀pá mẹ́ta wọ̀nyí yóò gbà pé NVMe yára ju SATA lọ ní ìlọ́po mẹ́fà, yóò sì fi owó lé owó. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń tan, tàbí tó ń ṣí ètò kan, kì í jókòó ti fáìlì ńlá kan ṣoṣo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé kéékèèké tó fọ́n káàkiri ló ń ṣà jọ. Nínú ìdánwò 4K, tí ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlóbáìtì mẹ́rin, tí a sì ti ń bèèrè wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, hard disk sábà máa ń wà lábẹ́ 1 MB, SSD SATA máa ń wà láàárín 20 sí 40, NVMe ìran yẹn kì í sì í fi ohun púpọ̀ ju 60 lọ. Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn: ọ̀gbun ló wà láàárín hard disk àti SSD èyíkéyìí, àlàfo àárín àwọn SSD méjèèjì kò sì tó èyí tí à ń sun ilé jẹun fún. Gíráàfù kejì yìí ni ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni mo yà fún ẹ̀gbọ́n mi, kìkì nítorí pé àwọn ọ̀pá rẹ̀ gùn.

Òfin kan wà tí n kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú: ọ̀pá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Gígùn ọ̀pá ni ojú ń kà, nítorí náà ẹni tó bá gé ìdí rẹ̀ ti purọ́ kí ó tó kọ nọ́ńbà kankan. Ká ní CPU kan, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ń gbé fírémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ lé ara wọn) 96 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú géèmù, tí èkejì ń gbé 100 jáde. Ìyàtọ̀ wọn kò ju ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìlà òǹkà láti orí 90, ọ̀pá kìíní yóò gùn ní ìwọ̀n mẹ́fà, èkejì yóò gùn ní ìwọ̀n mẹ́wàá, ẹni tó ń wò ó yóò sì máa rò pé ọ̀kan ti fi èkejì sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Àwọn tó ń ṣe ìpolówó mọ ọgbọ́n yìí dunjú. Bí ìyàtọ̀ ohun méjì bá kéré, ẹ jẹ́ kí ó kéré lójú pẹ̀lú.

Ibi tó ta kókó díẹ̀ ni ìgbà tí ìyàtọ̀ bá pọ̀ ju ohun tí ojú fóònù gbà lọ. Bí mo bá fẹ́ kí ìdajì MB ti hard disk àti 3500 ti NVMe jọ wà nínú àwòrán kan, ọ̀pá hard disk kò ní hàn rárá. Òṣùwọ̀n tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ ń di ìlọ́po mẹ́wàá ni ó gba ibẹ̀, èyí tó ń lọ láti 0.1 sí 1, sí 10, sí 100, sí 1000, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ òdo kò sí lórí irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀, ọ̀pá kò sì ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀. Mo máa ń pa ọ̀pá tì nígbà náà, mo sì ń fi àmì tó-tó-tó (dot) lásán sí ibi tí iye kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. William Cleveland, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ni ó polongo irú gíráàfù alámì tó-tó-tó bẹ́ẹ̀, òun náà sì ni òun àti Robert McGill ṣe ìdánwò lórí ojú ènìyàn, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1984. Wọ́n rí i pé ibi tí nǹkan wà lórí ìlà kan náà ni ojú ń kà tí àṣìṣe rẹ̀ kéré jù. Gígùn tẹ̀ lé e, igun àti ìtóbi ilẹ̀ sì wà lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi àwòrán roboto tí a gé bí àkàrà òyìnbó gbé èsì ìdánwò jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé William Playfair, tí ó ya gíráàfù ọ̀pá ní 1786, náà ló tún gbé èyí kalẹ̀ ní 1801. Ti ọ̀pá tó ní ìbú, gíga àti jíjìn kò yẹ kí á tún máa sọ mọ́: a kì í mọ̀ bóyá iwájú rẹ̀ ni kí á kà ni tàbí ẹ̀yìn.

Ní ti àwọ̀, èdè wa ti ràn mí lọ́wọ́ ju bí mo ti rò lọ. Funfun, pupa àti dúdú ni òpó mẹ́ta tí Yorùbá gbé àwọ̀ lé. Ohun tó mọ́lẹ̀ wà níhìn-ín, ohun tó móoru wà lọ́hùn-ún, aró àti ewé tútù sì lè wọ abẹ́ dúdú. Ẹ wò ó dáadáa, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ló ṣáájú nínú ètò yìí, ohun tí gíráàfù sì nílò gan-an nìyẹn, torí pé àwòrán tí a tẹ̀ ní dúdú àti funfun gbọ́dọ̀ ṣì ṣe é kà. Gbogbo ọ̀pá ni mo máa ń kùn ní àwọ̀ eérú, àyàfi èyí tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí, tí mo ń kùn ní àwọ̀ ọsàn. Bí mo bá nílò àwọ̀ mìíràn, inú àwọn àwọ̀ mẹ́jọ tí Okabe àti Ito, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Japan, ṣà jọ ni mo ti ń mú un, nítorí àwọn tí ojú wọn kì í ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé. Láàárín àwọn ọkùnrin tí ìran wọn ti àríwá Yúróòpù wá, nǹkan bí 8 nínú 100 ni ó rí bẹ́ẹ̀ fún. Iye náà kéré sí i ní ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n wọ́n wà láàárín wa.

Géèmù ní wàhálà tirẹ̀, nítorí pé ìpíndọ́gba máa ń bo àṣírí. Ká ní nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, fírémù 57 gba mílísẹ́kọ́ńdì (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) 15 lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹyọ kan ṣoṣo sì wá gba 145. Fírémù 58 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́, ohun tí ọ̀pá mi yóò sì kọ gàdàgbà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó jókòó sídìí géèmù ti rí i tí àwòrán dì gbagidi níwájú rẹ̀. Scott Wasson ti The Tech Report, ìkànnì tó ń dán ohun èlò kọ̀ǹpútà wò, ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fiyè sí èyí ní 2011, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àkókò tí fírémù kọ̀ọ̀kan gbà jáde dípò kí ó máa ka iye wọn nìkan. Ìlà ló yẹ irú èsì bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀pá. Mo máa ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọjá ní mílísẹ́kọ́ńdì 16.7, èyí tí í ṣe ààlà fírémù 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ojú lè rí gbogbo ibi tí èsì ti fò kọjá rẹ̀. N kì í jẹ́ kí ìlà GPU, ẹ̀yà tó ń ya àwòrán géèmù, tó wà nínú àwòrán kan ju mẹ́ta lọ, torí pé tí wọ́n bá di mẹ́rin, ó ti di òwú tó ta kókó.

Orúkọ ohun èlò máa ń gùn, nítorí náà mo ń dá àwọn ọ̀pá dùbúlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà yí ọrùn kí ó tó kà á. Mo ń tò wọ́n láti orí èyí tó yára jù dé èyí tó lọ́ra jù, mo sì ń kọ iye kọ̀ọ̀kan sí etí ọ̀pá rẹ̀. Lábẹ́ àkọlé, mo máa ń kọ ọ́ gbangba pé "èyí tó gùn ló dára" tàbí "èyí tó kúrú ló dára", nítorí pé máàkì tó pọ̀ nínú Cinebench, ètò tó ń dán agbára CPU wò, jẹ́ ire, ṣùgbọ́n wákàtí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ Blender, ètò ìyàwòrán, jẹ́ ìfàsẹ́yìn.

Àwa tí a ń fi èdè Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ sórí gíráàfù tún ní ìyà kan tí àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀. Ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ṣe ni a ń fi àmì ohùn lé wọn lórí. Font tí kò bá mọ èyí yóò ju àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Noto Sans ni mo ń lò, mo sì ń fi àwòrán pamọ́ sí irú fáìlì PNG, torí pé irú JPEG máa ń jẹ etí lẹ́tà bó ṣe ń fún àwòrán pọ̀, àmì ohùn ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tún gíráàfù àkọ́kọ́ yẹn yà. Mo lo ìdánwò 4K nìkan, pẹ̀lú ọ̀pá mẹ́ta tó dùbúlẹ̀, méjì jẹ́ àwọ̀ eérú, SATA jẹ́ àwọ̀ ọsàn, kò sì sí òjìji tàbí fọ́tò kankan lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí WhatsApp, èyí tó tún fún àwòrán náà pọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Èsì wọn kò pẹ́ rárá: "SATA yẹn ti tó mi. Èló ni wọ́n ń tà á?"