Alẹ́ ewì n'Ílọrin, àti omi ẹgbẹ̀rún náírà

Láti Ọ̀fà dé Ìlọrin ò le rárá, mo wọ mọ́tò, mo sùn, ìgbà tí mo máa lajú a ti dé. Ibi ètò gan-an ni wàhálà wà.

Wọ́n ní aago mẹ́rin. Aago mẹ́rin lù, àga ni wọ́n ń tò. Mẹ́fà lù, ọ̀gbẹ́ni kan ṣì ń pariwo "hẹ́lò, hẹ́lò" sínú máìkì. Òùngbẹ ń gbẹ mí, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sì ti gba ike omi mi pé wọn kì í mú un wọlé, ni mo bá lọ bá màmá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn.

"Mà, èló lomi?"

"Ẹgbẹ̀rún kan."

Omi tí wọ́n ń tà ní ₦300 ní títì! Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi yọ díẹ̀ ńbẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n gbowó ààyè lọ́wọ́ mi, ṣé kí n má rí i padà ni?" Ó wá ṣí kúlà, ó ní kí n fọwọ́ kàn án bó ṣe tutù. Kò tutù. Mo rà á. Ẹ mumi yó kẹ́ ẹ tó wọbẹ̀ o.

Ẹni tó kọ́kọ́ gorí pèpéle, orin ìfẹ́ Whitney Houston tí wọ́n ń lù níbi gbogbo ìgbéyàwó yẹn, "I Will Always Love You", ló gbé. Ẹ sì wò ó, Whitney gan-an ò ni orin yẹn o, Dolly Parton ló kọ ọ́, ó gbé e jáde ní 1974, orin jẹ́jẹ́ báyìí. Nígbà tí Whitney máa gbé e ní 1992, ohùn lásán ló fi bẹ̀rẹ̀, kò sílù, kò sí gìtá. Ọmọkùnrin wa ti ní kí wọ́n tan bítì láti ìbẹ̀rẹ̀, spíkà ń hó, gbogbo ibi tí Whitney gùn lòun náà ń gùn, kò sì débẹ̀. Tó bá jẹ́ bí olórin ṣe kọ ọ́ lo máa kọ ọ́, fóònù mi wà lápò, mo lè gbọ́ Whitney lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ti dìde. Ọmọbìnrin kan jáde, kò mú ìwé dání, ó ní kí wọ́n pa gbogbo nǹkan tó ń dún. Odòlayé Àrẹ̀mú ló gbé! Odòlayé tó ń kọ dadakúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin, tó kú ní 1997, orin tó fi dárò Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ọjọ́un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ dadakúàdà, ẹsẹ̀ á ti máa jó kétí tó gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó yọ ìlù kúrò pátápátá, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn òkú fún ará ilé, tó bá dé ibi tó yẹ kẹ́lẹ́gbẹ́ gbè, á dákẹ́, á fàtẹ́lẹwọ́ gbá itan, á tún máa lọ. Orin tí mo ti ń gbọ́ nílé bàbá mi láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ẹkún pọ̀ nínú ẹ̀ tó yẹn. Ìgbà tó tún dákẹ́, bàbá kan níwájú mi, tí mo rò pé oorun ti gbé lọ, ló gbè é, ohùn ti há, làwọn àgbà yòókù bá dara pọ̀, àwa ọmọdé wá ń wojú ara wa. Àwọn kan á tún ní òyìnbó ló ni spoken word, ewì tí wọ́n ń fẹnu sọ lórí pèpéle. N'Ílọrin kẹ̀?

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n fún un. Ti Whitney lo bí ìdajì wákàtí. Ẹ̀yin olùṣètò, ẹ bá wa yí i padà nígbà míì.