Erlang ló ń bọ́ mi, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí n fọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ náà jẹ́

Oṣù kan àbọ̀ rèé tí oníbàárà mi tó tóbi jù sọ fún mi pé àwọn kò fẹ́ èdè tí mo fi ń ṣiṣẹ́ fún wọn mọ́. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, àyà mi ṣì ń já. Mo mọ̀ pé ẹ pọ̀ tí ẹ wà nínú bàtà kan náà tí mo wọ̀: ẹ̀yin tí ẹ ń fi Erlang, Haskell, Lisp, Prolog tàbí èdè kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò gbajúmọ̀ jẹun, tí àwọn ará ilé yín kò mọ bí wọ́n ṣe máa pe iṣẹ́ yín, tí ẹ lè wá iṣẹ́ fún oṣù kan gbáko kí ẹ má rí ju méjì lọ. Ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Erlang ni tèmi. Ọdún kẹsàn-án rèé. Ẹ ti mọ ìtàn rẹ̀: ilé iṣẹ́ Ericsson ní Swídìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1986, Joe Armstrong, Robert Virding àti Mike Williams, fún àwọn ẹ̀rọ tó ń darí ìpè tẹlifóònù, irú ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa nítorí pé ó fẹ́ tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí a fi lè pààrọ̀ kóòdù nínú rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí process kan, ìyẹn ẹ̀ka iṣẹ́ kékeré kan nínú ètò, fi lè kú, kí alábòójútó rẹ̀, process mìíràn tó ń ṣọ́ ọ, sì gbé òmíràn dìde kí ìyókù tó mọ̀. Nígbà tí WhatsApp kéde ní 2012 pé ìsopọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 2 wà lórí server kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn fóònù lóhùn, Erlang ló wà nídìí rẹ̀. Ọjọ́ tí mo ka ìròyìn yẹn ni mo pinnu pé èdè tí màá fi jẹun nìyí. Mi ò kábàámọ̀ ìpinnu yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ìtàn mi bú èdè náà.

Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí ni kí wọ́n máa gba àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn kí wọ́n sì máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí fóònù àwọn èèyàn. Èmi nìkan ni mo kọ ètò náà láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ṣiṣẹ́ tí kò ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Owó tí wọ́n ń san fún mi tó ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ohun tó ń wọlé fún mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọ Java, èdè kọ̀ǹpútà tó gbajúmọ̀, ọmọ tó ní àpọ́nlé, tó sì lójú iṣẹ́. Ó ti sọ fún mi ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín lọ́jọ́ kan, kí n wo bí ẹ ṣe ń ṣe é." Gbogbo ìgbà ni mo máa ń dá a lóhùn pé kò burú, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn kò dé. Màá sọ òtítọ́ ibẹ̀: ẹ̀rù ń bà mí pé tó bá mọ̀ ọ́n, wọn kò ní nílò mi mọ́.

Nígbà tó ṣẹlẹ̀, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi tí ara rẹ̀ kò yá. Mo ti pa fóònù mi kí màmá lè sùn. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ni ètò náà ṣubú. Kì í ṣe process kan ló kú. Gbogbo ẹ̀ ló lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú àwọn alábòójútó tó yẹ kó gbé e dìde. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó wà nínú àpótí àwọn process nígbà náà bá a lọ, nítorí inú mẹ́mọ́rì ni wọ́n wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló tún un tàn. Ó gbéra, ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ sùn. Ní aago mẹ́ta òru ó tún ṣubú. Ó rò pé mẹ́mọ́rì ni kò tó, ó gbé e lọ sórí server tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì, ó tún un tàn. Ó sì ń pè mí láti aago mẹ́wàá alẹ́ yẹn.

Mo tan fóònù ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìpè 31 ni mo bá. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó kẹ́yìn látọ̀dọ̀ rẹ̀ kà báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu, ọ̀gá ti wà lọ́fíìsì láti aago mẹ́rin." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju gbogbo èébú tó lè bú mi lọ, nítorí kò bú mi. Ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo wọ inú erl_crash.dump, fáìlì tí Erlang ń kọ sílẹ̀ bó bá ṣubú. Ní òkè pátápátá níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà Slogan, níbi tó ti ń sọ ìdí tó fi ṣubú, mo rí i: no more index entries in atom_tab (max=1048576). Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ara yín á ti bù máṣọ. Fún ẹ̀yin tí èdè mìíràn jẹ́ tiyín: atom jẹ́ orúkọ tí Erlang ń tò sínú tábìlì kan, àyè 1,048,576 ló sì wà nínú tábìlì yẹn bí èèyàn kò bá yí i padà. Orúkọ tó bá ti wọ ibẹ̀ kì í jáde mọ́ títí ẹ̀rọ á fi kú. Tí tábìlì bá sì ti kún, kò sí alábòójútó tó lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ilé ló wó lulẹ̀.

Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ tó ń ti ìta wọlé di atom, ní ìlà kan péré, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Nígbà yẹn, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ nìkan ló ń wọ ibẹ̀, gbogbo wọn kò sì tó ọgbọ̀n. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni oníbàárà tuntun kan darapọ̀ mọ́ wọn, àwọn yẹn sì ń fi nọ́ńbà tó yàtọ̀ síra sí àyè kan náà fún àtẹ̀jíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọgọ́ta ni wọ́n ń rán ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: tábìlì yẹn á kún láàárín nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Ìdí nìyẹn tó fi ṣubú ní mẹ́wàá, tó tún ṣubú ní mẹ́ta. Bí mo ṣe wo aago, mo mọ̀ pé ìkẹta ń bọ̀ ní mẹ́jọ.

Ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo tẹ erlang:system_info(atom_count), ìbéèrè nípa iye atom tó ti wà nínú tábìlì, sínú ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ó dáhùn pé 879,000 àti díẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó ti gòkè. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo yọ binary_to_atom, àṣẹ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di atom, kúrò nínú ìlà yẹn, mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà bó ṣe wọlé, mo pààrọ̀ kóòdù láìdá iṣẹ́ dúró. Mo tún tẹ ìbéèrè náà. Nọ́ńbà dúró. Mo tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá bóyá ojú mi ló ń tàn mí, kò kúrò lójú kan. Mo bo ojú mi, mo sunkún níbẹ̀, kí màmá má bàa gbọ́.

Mo rò pé ó ti parí. Ìlà kan ṣoṣo, àbí? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta ọ̀gá pè mí sí ìpàdé. Mo ti múra láti ṣàlàyé tábìlì atom, mo tilẹ̀ ya àwòrán rẹ̀. Ọ̀gá kò béèrè rẹ̀ rárá. Ohun tó sọ ni pé, "A mọ iṣẹ́ yín, a sì dúpẹ́. Gbogbo èdè ló ní àṣìṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ sọ fún mi, ta ló yẹ kí n pè?" Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó dúró dè mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn jókòó síbẹ̀, ó tẹrí ba, kò sọ fún wọn pé òun ti bẹ̀ mí láti kọ́ òun. Wọ́n á fi Java tún gbogbo rẹ̀ kọ. Wọ́n fún mi ní oṣù kan.

Ìyókù kò gùn. Ara màmá ti yá. Ẹnìkan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí mú mi mọ ilé iṣẹ́ kan tí RabbitMQ wọn, ètò tó ń to iṣẹ́ ránṣẹ́ láti ètò kan sí òmíràn, ń dààmú wọn, mo bá wọn tún un ṣe. Àwọn yẹn ló júwe mi fún àwọn mìíràn tó ń lo Elixir, èdè tó bá Erlang tan. Owó méjèèjì kò tíì tó ti àtijọ́, ṣùgbọ́n mò ń jẹun.

Ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbà bí ẹ kò bá gba ìyókù: ẹ kọ́ ẹnìkan. Kí ó tó di oṣù kẹta tí ẹ bá ti gba iṣẹ́, kí ẹnìkan wà nínú ilé iṣẹ́ yẹn tó lè ka kóòdù yín, tó lè tan ètò náà, tó lè ṣí fáìlì tó bá ṣubú kó sì mọ ibi tó yẹ kó wò. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bá ti jókòó tì mí fún wákàtí méjì péré, á ti ka Slogan ní aago mẹ́wàá alẹ́. Kì bá tí ná owó sórí server ńlá. Ohun tó mú wọn gbà mí síṣẹ́ ni pé èèyàn bíi tèmi ṣọ̀wọ́n. Ohun náà gan-an ni wọ́n fi lé mi lọ. Mo rò pé ọ̀wọ́n tí mo wọ́n ni odi ààbò mi. Lójú wọn, ewu ni.

Ẹ má sì sọ fún mi pé èèyàn tí ẹ bá kọ́ á gba iṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi fún ọdún mẹ́ta, ta ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi? Ẹnikẹ́ni kọ́. Wọ́n pa á tì ni.

Ẹ̀kọ́ mìíràn jọ ti àkọ́kọ́: ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ sílẹ̀. Ojú ìwé méjì tó, ní ọ̀rọ̀ tí ẹni tí kò mọ èdè náà lè tẹ̀ lé. Mo ní ìwé àlàyé tó gùn gan-an o, mi ò ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ẹni bíi tèmi ni mo kọ ọ́ fún. Kò sí ibi tí mo ti kọ pé "bó bá ṣubú lóru, ṣe báyìí."

Ti wíwá iṣẹ́ nìyí. Ẹ yé wá iṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ èdè yín nìkan. Àwọn tó nílò mi báyìí kò mọ̀ pé Erlang làwọn nílò. RabbitMQ ni wọ́n mọ̀, tàbí ejabberd tó wà fún ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́, Erlang ni wọ́n sì fi kọ méjèèjì. Elixir tí José Valim dá sílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí BEAM kan náà, ẹ̀rọ tó ń mú kóòdù Erlang ṣiṣẹ́, ohun tí mo mọ̀ nípa tábìlì atom kò yí padà níbẹ̀. Ẹ wá irinṣẹ́ tí wọ́n fi èdè yín kọ, ẹ tọ àwọn tó ń lò ó lọ.

Ti àyẹ̀wò kóòdù, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀: ẹ má ṣe sọ ohun tó ti ìta wá di atom. binary_to_existing_atom, tó ń gba orúkọ tó ti wà nínú tábìlì nìkan, wà níbẹ̀ fún un. Mo mọ̀ ọ́n, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí ẹlòmíràn bá ń ka kóòdù mi ni, á ti bi mí léèrè ìlà yẹn. Ẹ rí i pé ibì kan náà ni mo tún padà sí.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo mọ ìtàn tó yẹ kó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ní 1998, Ericsson fúnra rẹ̀, tó bí Erlang, fòfin dè é fún ọjà tuntun, nítorí ó fẹ́ máa lo àwọn èdè tí gbogbo ayé ń lò. Lóṣù December ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, àwọn èèyàn káàkiri ayé sì kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi rí i lò lónìí. Àìmọye ìgbà ni mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ẹlòmíràn.

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tọrọ àforíjì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tán. Ṣé ẹ ṣì lè kọ́ mi?" A bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo fi fáìlì òru ọjọ́ yẹn ránṣẹ́ sí i, mo ní kó ṣí i, mo sì gbé ọwọ́ mi kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ka Slogan sókè, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé èkejì.